Awò Kámẹ́rà Tó Pọ́n Bí Omi Tíì: Ohun Tó Fà Á àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Ṣe É

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ohun kan tó lè wà nínú ilé ẹni láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni kámẹ́rà àtijọ́ wà, èyí tí bàbá tàbí bàbá àgbà rà nígbà tó jẹ́ pé fíìmù ni gbogbo ènìyàn fi ń ya fọ́tò. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sì ní máíkíróskóòpù àlòkù, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá tú awò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí a gbé e sórí bébà funfun, nígbà mìíràn a ó rí i pé kò mọ́ gaara mọ́. Ó ti pọ́n rúsúrúsú bí omi tíì.

Bí ènìyàn bá rí èyí, ọ̀nà mẹ́ta ni ó máa ń gbà. Àwọn kan á ní awò náà ti bàjẹ́, wọn á sì sọ ọ́ nù. Àwọn kan tí wọ́n ti gbọ́ pé irú awò bẹ́ẹ̀ ń tu ìtànṣán jáde á bẹ̀rù rẹ̀, wọn kò ní fẹ́ kí ó wà nínú yàrá mọ́. Àwọn kẹta á rò pé ìdọ̀tí ló dì mọ́ ọn, wọn á wá nǹkan líle tí wọn á fi ha á tàbí tí wọn á fi lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi mọ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn àkọ́kọ́ pàdánù ohun tó dára, àwọn kejì bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n àwọn kẹta ni wọ́n fi ara wọn sínú ewu gidi. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú awò náà, àti ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀.

IṢẸ́ TÍ AWÒ Ń ṢE

Ọ̀nà tààrà ni ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó wọ inú omi tàbí inú gíláàsì, eré rẹ̀ á dínkù, bí kò bá sì wọlé ní òòró gangan, ọ̀nà rẹ̀ á tẹ̀. Ẹni tó bá ti ki síbí bọ inú ife omi rí á ti rí i pé ṣe ló dà bí ẹni pé síbí náà ṣẹ́ níbi tó ti kan omi. Síbí kò ṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ ló tẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 984, ọ̀mọ̀wé kan ní Baghdad tó ń jẹ́ Ibn Sahl kọ ìwé lórí dígí àti awò tó ń kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ sójú kan títí tí nǹkan á fi gbiná, ó sì fi ìṣirò hàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tó ṣiṣẹ́ ní Cairo, kọ Kitāb al-Manāẓir, níbi tó ti ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara nǹkan wá sínú ojú wa ni a fi ń ríran, kì í ṣe pé ojú ló ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jáde. Orí ìmọ̀ yìí ni iṣẹ́ awò dúró lé: a fẹ́ tẹ ìmọ́lẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ lè pàdé sójú kan, kí àwòrán lè hàn kedere.

Agbára gíláàsì láti tẹ ìmọ́lẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn onímọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 1, ti omi jẹ́ 1.33, ti gíláàsì fèrèsé lásán jẹ́ nǹkan bí 1.5. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni gíláàsì náà ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó. Ẹni tó ń ṣe awò a máa fẹ́ gíláàsì tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, nítorí pé kò ní nílò láti gbẹ́ ẹ kí ó rí bìrìkìtì bí ìdajì bọ́ọ̀lù kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Awò tó bá rí bìrìkìtì jù a máa ba etí àwòrán jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Ìmọ́lẹ̀ funfun jẹ́ àkópọ̀ gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè, gíláàsì kì í sì í tẹ gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí bákan náà. Gíláàsì tí wọ́n fi òjé sí, fún àpẹẹrẹ, a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n a tún máa pín àwọ̀ níyà. Nítorí náà, nǹkan dúdú tí a bá wò nínú rẹ̀ á ní etí pupa tàbí etí búlúù tí kò yẹ kí ó ní. Ohun tí àwọn aṣe-awò ń wá kiri láti ọjọ́ pípẹ́ ni gíláàsì tí yóò tẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ tí kò sì ní pín àwọ̀ níyà púpọ̀.

Ní ọdún 1884, ní ìlú Jena ní ilẹ̀ Jámánì, Otto Schott, Ernst Abbe àti Carl Zeiss pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Roderich dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa pèsè gíláàsì tuntun fún máíkíróskóòpù àti awò mìíràn. Wọ́n fi oríṣiríṣi èròjà po gíláàsì, wọ́n sì ṣe àṣeyọrí ńlá. Síbẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn.

BÍ TÓRÍỌ́Ọ̀MÙ ṢE DÉ INÚ GÍLÁÀSÌ

Láàárín àwọn ọdún 1930, onímọ̀ kan ní Washington ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, George W. Morey, gbìyànjú ohun tí ẹni púpọ̀ kò tíì ṣe. Dípò yanrìn tó jẹ́ ìpìlẹ̀ gíláàsì lásán, ó lo èròjà mìíràn, ó sì fi àwọn èròjà bíi láńtánọ́ọ̀mù àti tóríọ́ọ̀mù kún un. Gíláàsì tó jáde níbẹ̀ tẹ ìmọ́lẹ̀ ju gíláàsì lásán lọ dáadáa, kò sì pín àwọ̀ níyà tó bí gíláàsì olójé ti ń ṣe. Ohun tí wọ́n ti ń wá ni èyí.

Ilé-iṣẹ́ Kodak gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń fi gíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣe awò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kodak ṣe awò ńlá kan tí wọ́n pè ní Aero-Ektar, èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń ya fọ́tò ilẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Awò tó gbọ́dọ̀ gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú akàn ni, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú kì í dúró de ayàwòrán. Tóríọ́ọ̀mù wà nínú àwọn awò tó wà lápá ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn títí di òní ti pọ́n gan-an.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e. Leitz ti ilẹ̀ Jámánì lo tóríọ́ọ̀mù nínú àwọn Summicron àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ní ilẹ̀ Japan, ilé-iṣẹ́ Asahi tó ń ṣe kámẹ́rà Pentax lò ó nínú Super-Takumar oní-mìlímítà 50 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 1.4, tí wọ́n ṣe láti àárín àwọn ọdún 1960 lọ. Super-Takumar yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù lọ lónìí, nítorí pé wọ́n tà á káàkiri àgbáyé. Nígbà tó ṣe, àwọn onímọ̀ rí i pé láńtánọ́ọ̀mù nìkan lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí tóríọ́ọ̀mù. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi dé, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe awò kámẹ́rà ti fi tóríọ́ọ̀mù sílẹ̀.

KÍ NI TÓRÍỌ́Ọ̀MÙ?

Tóríọ́ọ̀mù jẹ́ irin wíwúwo kan tó wà nínú ilẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Jöns Jacob Berzelius, ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1829 láti inú òkúta dúdú kan tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Norway. Inú yanrìn kan tí wọ́n ń pè ní mónásáìtì ni wọ́n ti máa ń rí i jù. Yanrìn yìí wà ní ilẹ̀ India àti Brazil, ó sì wà ní orílẹ̀-èdè tiwa náà, ní agbègbè Jos, níbi tí ó ti máa ń bá tánganran jáde láti inú ilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àjèjì pátápátá ni ohun yìí sí àwọn àgbà wa. Ṣé ẹ rántí àtùpà gáàsì tí a máa ń fi fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ fún, tí a ń gbé kọ́ síbi ìgbéyàwó àti níbi wáàsí alẹ́ kí iná mànàmáná tó kárí? Àpò òwú kékeré funfun kan wà tí a ń so mọ́ ẹnu rẹ̀. Bí a bá ti dáná sí i, òwú á jóná tán, ohun tó kù á dà bí eérú tó fúyẹ́, òun ló sì máa ń tan ìmọ́lẹ̀ funfun yòò. Ohun tó kù yẹn jẹ́ tóríọ́ọ̀mù ní ìdá 99 nínú 100, pẹ̀lú sẹ́ríọ́ọ̀mù díẹ̀. Carl Auer von Welsbach ti ilẹ̀ Austria ló ṣe àpòpọ̀ náà ní ọdún 1891. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lò ó káàkiri àgbáyé kí àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní ọdún 1898 ni Marie Curie ní Paris àti Gerhard Schmidt ní ilẹ̀ Jámánì rí i, láìfi ti ara wọn ṣe, pé tóríọ́ọ̀mù ń tu ìtànṣán tí ojú kò lè rí jáde. Ohun tó fà á ni pé átọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kíkéré jù lọ tó para pọ̀ di tóríọ́ọ̀mù, kò fara balẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn á ju apá kan ara rẹ̀ dànù, á sì di nǹkan mìíràn. Nǹkan mìíràn yẹn náà kò ní fara balẹ̀, òun náà á tún ju nǹkan dànù, títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi dórí òjé. Òjé ló fara balẹ̀, ibẹ̀ ni ó dúró sí.

Oríṣi mẹ́ta ni ohun tó ń jù dànù. Àkọ́kọ́ ni áfà: ó wúwo, kì í rìn jìnnà, bébà kan péré tó láti dá a dúró, àwọ̀ òkú tó wà lójú ara wa náà sì ń dá a dúró. Ìkejì ni bẹ́tà: ó ń rìn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n páànù tẹ́ẹ́rẹ́ lè dá a dúró. Ìkẹta ni gámà: òun ló dà bí ìtànṣán ẹ̀rọ ẹ́síréè ní ilé ìwòsàn, ó ń la ara kọjá.

Tóríọ́ọ̀mù kì í yára tán rárá. Bí a bá ní ìwọ̀n kan lónìí, ó di bílíọ̀nù 14 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà. Nítorí náà, awò tí wọ́n ṣe ní ọdún 1967 ṣì ní tóríọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sínú rẹ̀, kò dínkù débi tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀.

BÍ AWÒ ṢE Ń PỌ́N

Ìbéèrè tó kàn ni pé: bí tóríọ́ọ̀mù bá ń tu ìtànṣán, kí ló pa òun àti àwọ̀ awò pọ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ìtànṣán náà kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìta kó tó ṣiṣẹ́. Inú gíláàsì gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́sàn-án àti lóru, yálà kámẹ́rà náà wà lọ́wọ́ ayàwòrán tàbí ó wà nínú àpótí. Nínú gbogbo nǹkan ni àwọn ẹ̀yà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítíróònù. Bí ìtànṣán bá gba inú gíláàsì kọjá, á ti àwọn ẹlẹ́kítíróònù kan kúrò ní àyè wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á padà sílé, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn á bọ́ sínú àbùkù tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú gíláàsì, wọn á sì há síbẹ̀ bí ẹran tó há sínú pàkúté.

Ẹlẹ́kítíróònù tó há bẹ́ẹ̀ a máa gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù mì. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fọ aṣọ funfun á tètè lóye ohun tí èyí já sí. Bí aṣọ funfun bá ti ń pọ́n, búlúù ni wọ́n máa ń fi sí omi kí funfun rẹ̀ lè padà, nítorí pé ohun tí kò ní búlúù tó ló ń pọ́n lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni awò. Bí gíláàsì bá ń gbé búlúù mì, ìmọ́lẹ̀ funfun tó wọlé á jáde ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Ní ọdún díẹ̀ sí ìgbà tí wọ́n ṣe é, a lè má rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún nínú òkùnkùn, á ti hàn.

Ohun tí èyí ń ṣe fún fọ́tò kò pọ̀ jù. Fọ́tò aláwọ̀ á pọ́n díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á sì dínkù. Fọ́tò dúdú-àti-funfun ní tirẹ̀ á rí bí ẹni pé wọ́n fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà, èyí tí àwọn ayàwòrán mìíràn tilẹ̀ máa ń ṣe fúnra wọn kí ìkúukùu lè hàn lójú ọ̀run. Kámẹ́rà òde òní sì lè tún àwọ̀ náà ṣe fúnra rẹ̀.

ṢÉ Ó LÉWU?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, ó sì yẹ kí á fi nọ́ńbà dáhùn rẹ̀, kí á má fi ìbẹ̀rù dáhùn rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ń gba ìtànṣán lójoojúmọ́, láti inú ilẹ̀, láti inú ògiri ilé, láti ojú ọ̀run, àti láti inú oúnjẹ. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni millisievert. Bí a bá da gbogbo ayé pọ̀, ohun tí ènìyàn kan ń gbà láti inú ìṣẹ̀dá jẹ́ nǹkan bí 2.4 lọ́dún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣírò ti awò olótóríọ́ọ̀mù, wọ́n rí i pé ayàwòrán tó ń gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kọ́rùn fún wákàtí 6 lóòjọ́, fún ọjọ́ 30 lọ́dún, á gba nǹkan bí 0.02. Ẹni tí kò lò ó tó bẹ́ẹ̀ á gba nǹkan bí 0.007. Èyí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìṣẹ̀dá ń fún wa. Bí a bá sì gbé awò náà jìnnà sí ara díẹ̀, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa á tún dínkù gan-an. Ẹni tó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù kò nílò láti sá kúrò nínú yàrá.

Kí ló wá dé tí a fi sọ pé ẹni tó ń ha á tàbí tó ń lọ̀ ọ́ ló wà nínú ewu? Ìdí ni pé gbogbo ìfọ̀kànbalẹ̀ tí a sọ lókè yìí dúró lórí ohun kan ṣoṣo: tóríọ́ọ̀mù náà wà ní títì mọ́ inú gíláàsì. Áfà, tó jẹ́ pé bébà lè dá dúró, kò lè wọ inú ara láti ìta. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ awò náà di lẹ́búlẹ́bú, tí a fa lẹ́búlẹ́bú náà sí imú tàbí tí ó bá oúnjẹ wọ inú, kò sí bébà láàárín mọ́. Áfà á máa ṣiṣẹ́ lára ẹran ara tààrà, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ìtàn. Láti nǹkan bí ọdún 1930 títí di àárín àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Thorotrast, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè hàn dáadáa nínú fọ́tò ẹ́síréè. Tóríọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Fọ́tò náà máa ń dára, ara aláìsàn kì í sì í fi nǹkan kan hàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tóríọ́ọ̀mù náà lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀, kò sì jáde mọ́. Lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú púpọ̀ nínú wọn. Ohun kan náà tó wà nínú awò kámẹ́rà ni. Ibi tó wà ni ó yàtọ̀. Nínú gíláàsì, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Nínú ẹ̀dọ̀, ó pa ènìyàn.

TI MÁÍKÍRÓSKÓÒPÙ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ máíkíróskóòpù yàtọ̀ díẹ̀ nítorí ojú. Awò tó wà nísàlẹ̀, tó súnmọ́ ohun tí à ń wò, jìnnà sí ojú wa. Ṣùgbọ́n awò òkè ni a ń gbé ojú lé, ojú kò sì ní àwọ̀ òkú lórí bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti ní. Áfà tí kò lè ṣe ọwọ́ ní nǹkan lè ṣiṣẹ́ lójú bí awò bá súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí fún wákàtí púpọ̀. Nítorí èyí ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe yà á sọ́tọ̀. Òfin náà gba awò kámẹ́rà láàyè láti ní tóríọ́ọ̀mù títí dé ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, ní ọdún 2013 sì ni wọ́n ṣe àtúnṣe tó dín in kù sí 10 fún àwọn awò tuntun. Ṣùgbọ́n àyè yìí kò kan awò ojú, kò sì kan awò òkè tí a ń gbé ojú lé nínú máíkíróskóòpù tàbí nínú awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní awò kámẹ́rà àtijọ́ tó pọ́n, kí ó má ṣe sọ ọ́ di awò tí yóò máa gbé sójú láti fi wo nǹkan kékeré bí àwọn aláago ti ń ṣe. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì gba máíkíróskóòpù àlòkù tí awò òkè rẹ̀ pọ́n láti inú wá, ó sàn kí wọ́n pààrọ̀ awò òkè náà kí àwọn ọmọ tó máa lò ó.

BÍ A ṢE LÈ MÚ UN MỌ́

Ohun tó há ẹlẹ́kítíróònù mọ́ kò lágbára púpọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára bá kàn án, pàápàá ìtànṣán ultraviolet tó wà nínú oòrùn, á jáde kúrò níbi tó há sí, á padà sí àyè rẹ̀, gíláàsì á sì tún mọ́. A kò nílò láti tú awò náà, a kò sì nílò láti fi ohunkóhun kàn án. Oòrùn nìkan tó, tàbí àtùpà tó ń tan ultraviolet. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ó bá ti pọ́n jù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí Ibn Sahl kọ ìwé lé lórí: awò tó kó oòrùn jọ a máa dá iná sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé awò sójú fèrèsé tó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ lè padà wá bá aṣọ fèrèsé tó ń jóná. Ìlànà wọ̀nyí ni kí á tẹ̀ lé:

1. Kí á yọ awò náà kúrò lára kámẹ́rà, kí á sì yọ ìdérí oní-rọ́bà tàbí oní-ike kúrò ní iwájú àti ní ẹ̀yìn rẹ̀.

2. Kí á fi bébà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ bo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé má lè jáde lọ jó nǹkan.

3. Kí á gbé e sórí òkúta tàbí sìmẹ́ńtì, kì í ṣe sórí igi, aṣọ tàbí bébà. Kí ẹnìkan máa ṣọ́ ọ.

4. Oòrùn àárọ̀ ló dára. Oòrùn ọ̀sán wa gbóná jù. Ó lè yọ́ òróró inú awò, ó sì lè tú ohun tí wọ́n fi lẹ àwọn gíláàsì náà pọ̀. Bí awò bá ti ń gbóná lọ́wọ́, kí á gbé e kúrò.

5. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ojú lé e láti wo oòrùn. Ìṣẹ́jú akàn kan tó láti fọ́ ojú. Bí àtùpà ultraviolet ni a bá lò, kí á má ṣe wo ojú rẹ̀.

Kí ó sì yé wa pé ìmọ́tótó yìí kì í ṣe títí láé. Oòrùn kò mú tóríọ́ọ̀mù kúrò, ohun tó fi ṣe ara gíláàsì náà ló ń tún ṣe. Bí a bá tún gbé e sínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, á tún pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń lò ó déédéé nínú ìmọ́lẹ̀ kì í tètè rí i pọ́n.

KÌ Í ṢE GBOGBO AWÒ TÓ PỌ́N NI

Kí á má sì rò pé gbogbo awò tó bá ti ní àwọ̀ ló ní tóríọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ awò ni wọ́n kùn ní èròjà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí ó má baà máa dán, èyí sì lè mú kí ó ní àwọ̀ ìyeyè tàbí elése-àlùkò bí a bá wo ojú rẹ̀. Láti mọ̀, kí á má wo ojú awò. Kí á wo bébà funfun gba inú rẹ̀. Bí bébà bá funfun, kò sí nǹkan. Oje igi tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì pọ̀ láyé àtijọ́ náà a máa pọ́n bí ó bá gbó, oòrùn kì í sì í mú èyí mọ́. Bí ohun tí a rí bá dà bí òwú aláǹtakùn nínú awò, ẹbu ni, ọ̀rinrin ló sì fà á. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìtànṣán nìkan ló lè fi dá wa lójú pé tóríọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan tún kù tó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí oògùn pípọ́n yìí. Bí wọ́n bá fi sẹ́ríọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú gíláàsì, ọ̀kan náà tí a sọ pé ó wà nínú àtùpà gáàsì, gíláàsì náà kì í tètè pọ́n bí ìtànṣán tilẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe fèrèsé nípọnnípọn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wo ohun olóró ní àwọn ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì.

Ní ìparí, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá rí awò tó pọ́n nínú ẹrù àwọn àgbà, kí ó má sọ ọ́ nù, nítorí pé ó ṣì lè ya fọ́tò tó dára. Kí ó má sá fún un, nítorí pé ohun tó ń tú jáde kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ha á, kí ó má lọ̀ ọ́, kí ó má sì fún ọmọdé fi ṣeré. Bí ó bá fọ́, kí á fi aṣọ tútù kó àfọ́kù àti ẹ̀rún rẹ̀ pátápátá, kí á má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a kí eruku má baà sọ, kí á dì í sínú ọ̀rá, kí á sì fọ ọwọ́ wa dáadáa. Gíláàsì tó bá wà ní odindi ni ààbò wa.